Ìwé Wà Lọ́fẹ̀ẹ́, Àṣẹ Rẹ̀ Náà Wà: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Olùkọ́ àti Òbí ní Arámọkọ-Èkìtì

Ẹ̀yin alága wa, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé gbogbo, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí tí ẹ fi oko àti ọjà sílẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo kí yín o. Èkìtì kete! Ohùn yẹn kò tíì jáde dáadáa. Èkìtì kete! Ẹ ṣeun. A kí Kábíyèsí Alárá láàfin. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, mo júbà. Bí mo bá sọ ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi sùúrù bá mi gbọ́ ọ.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè rí ìwé ẹ̀kọ́ àti ohun èlò ìkọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ibi tí ìwé wà, mo ní ìbéèrè kan. Ta ló ní ìwé PDF lórí fóònù rẹ̀ níbí? Ẹ nawọ́. Ẹ wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wa. Ó dáa. Nínú ẹ̀yin tí ẹ nawọ́, ta ló lè sọ ẹni tó yọ̀ǹda ìwé náà fún un? Hẹ̀n-ẹ́n. Ọwọ́ ti ń lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà lónìí.

Ohun tó dé ọwọ́ wa, àti ohun tí wọ́n fún wa

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń kiri lórí WhatsApp, ẹnì kan ló jókòó tó ń ya ojú ewé rẹ̀ ní fọ́tò níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Ojú ewé kan sọnù láàárín, àtàǹpàkò ẹni tó yà á wà nínú àwòrán, ìdajì ìṣirò ti gé dànù lápá ọ̀tún. Ẹni tó kọ ìwé kò gbọ́, kò mọ̀, kọ́bọ̀ kò sì kàn án. Bẹ́ẹ̀ òǹkọ̀wé yẹn lè jẹ́ ọmọ wa. Ṣebí kò sí àdúgbò tí èèyàn máa dé ní Èkìtì tí wọn kò ní fi ilé ọ̀jọ̀gbọ́n kan hàn án. Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, kò sì fi ojú àánú wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Mi ò wá dẹ́rù bà yín o. Mo mọ̀ pé àìní ló ń fà á. Òbí tó ní ọmọ mẹ́rin nílé-ìwé, tó fẹ́ ra ìwé físíìsì, kẹ́místírì àti máàtì fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ibo ló ti fẹ́ rí i? Ohun tó ń dùn mí ni pé a ń jí ìwé tó ti bàjẹ́ ka, nígbà tí ìwé tó péye wà níbì kan tí wọ́n ti ní ká wá mú un, ká tẹ̀ ẹ́, ká fún ọmọ wa.

Ẹni tó pè ọ́ wá jẹ iyán nílé rẹ̀ ṣe ọ́ lóore. Àmọ́ bí o bá ti ṣan ọwọ́ tán, ó parí náà nìyẹn. Ẹni tó fún ọ ní èbù iṣu ńkọ́? Wàá gbìn ín, wàá wa iṣu, aládùúgbò rẹ náà á gba èbù lọ́wọ́ rẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwé tó kàn ṣí sílẹ̀ fún kíkà lórí wẹ́ẹ̀bù, iyán ìkínni-kú-àbọ̀ ni. Ìwé tí òǹkọ̀wé fi ìwé àṣẹ tì lẹ́yìn, tó ní ẹ dà á kọ, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tún un ṣe, èbù ni.

Ta ló ń fún èèyàn ní irú èbù bẹ́ẹ̀? Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn. Ní ọdún 1999, ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà yan ìgbìmọ̀ láàárín àwọn olùkọ́ wọn pé kí wọ́n lọ wo bí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe lè lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí ni pé wọ́n máa mú ọ̀nà òwò bọ̀. Ìgbìmọ̀ lọ, ìgbìmọ̀ bọ̀, wọ́n ní: ẹ jẹ́ ká kúkú gbé gbogbo ohun tí a fi ń kọ́ni síta lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kéde rẹ̀ lọ́dún 2001, wọ́n fi 50 kọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ó sì ti ju 2,500 lọ báyìí. Ọdún 2001 náà ni àwọn kan dá Creative Commons sílẹ̀ láti máa kọ ìwé àṣẹ tí ẹnikẹ́ni lè fi sára iṣẹ́ rẹ̀. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, dá sí ọ̀rọ̀ náà ní 2002, nígbà tó di 2019 àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ fọwọ́ sí àbá pé kí ìjọba máa ṣe àtìlẹ́yìn fún irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà wà lára wọn. Ẹ fi ìyẹn pamọ́ sẹ́yìn orí, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ìjọba, á wúlò.

Lẹ́tà méjì-méjì tí ojú gbọ́dọ̀ wá

Mo bọ́ sí ẹ̀ka kejì. Níbi yìí, mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ mú bírò.

Bí ẹ bá ṣí ìwé, ẹ má tíì lọ sí orí kìíní. Ẹ lọ sí ojú ewé tí wọ́n ń kọ ọdún àti orúkọ atẹ̀wé sí, èyí tí gbogbo wa máa ń fò. Bí ẹ bá rí CC níbẹ̀, ìyẹn Creative Commons tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró, kí ẹ ka lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. BY túmọ̀ sí pé kí ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín. SA: bí ẹ bá tún un ṣe tí ẹ sì pín in, irú àṣẹ kan náà ni kí ẹ fún ẹlòmíràn. NC: ẹ má fi ṣòwò. ND: ẹ lè pín in bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹ má pín èyí tí ẹ bá yí padà. CC0 sì wà, ẹni tó fi í sílẹ̀ kò béèrè ohunkóhun. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kankan nínú wọn, tó jẹ́ pé «gbogbo ẹ̀tọ́ jẹ́ ti atẹ̀wé» ni wọ́n kọ, ẹ kà á níbi tí wọ́n gbé e sí, ẹ má dà á kọ.

Ṣé ó dà bí ọ̀rọ̀ lọ́yà? Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó wà nílẹ̀ hàn yín. Àwọn kan wà ní Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n ń jẹ́ Siyavula. Bí ìtàn wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 2002 nìyí: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì tí wọ́n ń ṣe físíìsì lọ síbi àfihàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, wọ́n ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọmọ kan láti ìgbèríko ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ̀nà, torí pé òun fẹ́ sọ ọ́ di ìwé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ òun nílé-ìwé. Ẹ gbọ́ o! Ọmọ ilé-ìwé ló fẹ́ fi ọwọ́ kọ ìwé ẹ̀kọ́ fún ilé-ìwé tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ àwọn ọ̀dọ́ náà lára, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé sáyẹ́ǹsì ọ̀fẹ́ fún ilé-ìwé girama. Nígbà tó di 2012, ìjọba Gúúsù Áfíríkà fúnra rẹ̀ tẹ ìwé máàtì àti sáyẹ́ǹsì wọn fún kíláàsì kẹwàá dé ìkejìlá, ó sì pín in káàkiri ilé-ìwé.

Oríṣi méjì ni wọ́n ṣe ìwé wọn yìí. Èyí tí orúkọ àti àmì àwọn onígbọ̀wọ́ wà lára rẹ̀, BY-ND ni, ẹ kò gbọdọ̀ yí i padà. Èyí tí kò ní àmì onígbọ̀wọ́, BY lásán ni, ẹ lè gé e, ẹ lè lẹ̀ ẹ́, ẹ lè fi àpẹẹrẹ tiwa sí i. Ìwé kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, àṣẹ méjì. Ẹni tí kò wo ojú ewé yẹn kò ní mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ kan bi mí ní ìpàdé kan pé: «Mà, bí wọ́n bá ní NC, tí mo wá gbé e fún ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́nu géètì, tí òun gba owó bébà àti íǹkì, ṣé a ò ti fi ṣòwò báyìí?» Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Irú ẹjọ́ yìí ti dé kóòtù ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2018, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn kan níbẹ̀ dájọ́ pé bí ilé-ìwé tó ní àṣẹ bá gbé iṣẹ́ NC fún onífọ́tòkọ́pì pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́, owó iṣẹ́ tí onífọ́tòkọ́pì gbà kò sọ ilé-ìwé di oníṣòwò. Òfin Amẹ́ríkà nìyẹn, kò de adájọ́ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú àwọn tó ti gbọ́ irú ẹjọ́ náà. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé bí onífọ́tòkọ́pì bá tẹ ogún ẹ̀dà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń tà á fún èrò ọ̀nà, òwò ni.

Dídárúkọ òǹkọ̀wé náà kò le. Lábẹ́ ìwé tí ẹ ṣe, ẹ kọ gbólóhùn kan: «A mú èyí láti inú Chemistry 2e ti OpenStax, lábẹ́ àṣẹ CC BY 4.0, a yí àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀ padà.» Ẹ fi ibi tí ẹ ti rí i sí i. Ó tán. Ṣé gbólóhùn kan pọ̀ jù láti fi dúpẹ́ oore?

Ibo wá ni ìwé wà?

Mo mọ̀ pé èyí ni ọ̀pọ̀ yín ń dúró dè. OpenStax tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yìí wà ní Fásitì Rice ní Texas. Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Baraniuk ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó bí i ní 1999. Ìwé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lábẹ́ orúkọ OpenStax jáde ní 2012. Físíìsì, kẹ́místírì, bàọ́lọ́jì, ètò ọrọ̀ ajé, ìṣirò statistics, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ ní PDF. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ BY. Calculus wọn ní NC àti SA. Ìwé fásitì ni wọ́n, ṣùgbọ́n olùkọ́ SS3 tó bá mọ ohun tó ń wá á rí i mú níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní EKSU, ní FUOYE tàbí ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ sọ fún wọn lálẹ́ yìí.

Nílé níbí, NOUN, fásitì ìjọba àpapọ̀ tí a ń kà láti ilé, gbé ìwé kọ́ọ̀sì wọn sórí wẹ́ẹ̀bù. Ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọn náà lè dánlóòdù rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọmọ Nàìjíríà ló kọ ọ́, orílẹ̀-èdè yìí ló ń tọ́ka sí. Ẹ wo ojú ewé àṣẹ inú rẹ̀ kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí kò sí láàbù níléèwé yín, ẹ wá PhET, ohun ìdánrawò sáyẹ́ǹsì orí wẹ́ẹ̀bù. Carl Wieman, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 2001, ló dá a sílẹ̀ ní 2002 ní Fásitì Colorado. Ọmọ á máa so bátìrì mọ́ gílóòbù lójú fóònù, á rí bí iná ṣe ń lọ nínú wáyà. Kò lè rọ́pò láàbù o. Ó sàn ju ká ya láàbù sójú pátákó lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mi ò gbàgbé yín. African Storybook láti Gúúsù Áfíríkà àti StoryWeaver láti Íńdíà ní ìwé ìtàn kéékèèké pẹ̀lú àwòrán, Yorùbá wà nínú èdè wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ BY. Àmì ohùn àwọn kan kò pé, ẹ ṣàtúnṣe rẹ̀; wọ́n yọ̀ǹda bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ìtàn tó dáa lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè túmọ̀ rẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù wọn níbẹ̀, kí ọmọ Yorùbá ní Kútọnu náà rí i kà.

Ọ̀kan ṣẹ́ kù tí àwọn olùkọ́ ìtàn máa fẹ́ràn. Lábẹ́ òfin wa, bí òǹkọ̀wé bá ti kú, tí 70 ọdún sì ti kọjá lẹ́yìn ọdún tó kú, ìwé rẹ̀ di ti gbogbo ayé. Àlùfáà Samuel Johnson, tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tó tún ìwé náà tò, kú ní 1920, ìwé jáde ní 1921. Ìwé ìtàn Yorùbá ńlá yẹn wà lórí Internet Archive, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní odindi. Ẹ ń kọ́ ọmọ yín ní ogun Èkìtìparapọ̀? Johnson wà lára àwọn tí wọ́n rán níṣẹ́ àlàáfíà tí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé ní 1886. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ Ọ̀yọ́ ni ọkàn rẹ̀ wà o, ẹ sọ ìyẹn náà fún àwọn ọmọ. Kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì bá a jiyàn.

Bí ẹ bá ń wá nǹkan lórí Google, ẹ kọ filetype:pdf mọ́ ohun tí ẹ ń wá. Bó bá jẹ́ àwòrán ni, ẹ tẹ Tools, lẹ́yìn náà Usage rights, kí ẹ mú Creative Commons. Ẹ ó rí i pé èrò máa dínkù. Èyí tó ṣẹ́ kù ló wúlò.

Ṣé ó bá sílábọ́ọ̀sì wa mu?

Ẹ̀ka yìí ló gba àròjinlẹ̀ jù. Àwọn kan á ní: «Ìwé òyìnbó ni, kò bá WAEC mu.» Òótọ́ ni, kò bá a mu látòkè délẹ̀. Ẹ gbé sílábọ́ọ̀sì WAEC sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Orí tí a nílò, ẹ mú un. Orí tí a kò nílò, ẹ fò ó. Torí pé àṣẹ wà, ẹ lè kó orí mẹ́fà jọ láti inú ìwé mẹ́ta, kí ẹ sọ ọ́ di ìwé kan fún táàmù kan, bí àṣẹ wọn bá ti bára mu.

Ọ̀rọ̀ àpẹẹrẹ inú rẹ̀ ńkọ́? Mo ń kọ́ni ní físíìsì lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìwé tó wá láti òkè òkun, a dé orí ooru. Ìwé ń sọ̀rọ̀ nípa yìnyín ojú títì àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí i. Ọmọbìnrin kan nawọ́: «Mà, ta ló ń da iyọ̀ sójú títì?» Gbogbo kíláàsì fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn kò ya dìndìnrìn. Ìwé ni kò mọ ilé ẹni tó ń kà á. Bẹ́ẹ̀ ni Ìkọ́gòsì wà nítòsí ibí yìí, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn wá pàdé ara wọn. Ìṣirò wo ló tún kù nípa ooru tó ń kúrò lára èyí lọ sára ìyẹn? Fi tẹmọmítà sí omi tó gbóná, fi sí èyí tó tutù, fi sí ibi tí wọ́n ti dàpọ̀, kí ọmọ fi ìṣirò wá èyí tó kù. Agbára tó ń bẹ nínú ohun tó wà lókè ńkọ́? Ṣé òkè tí wọ́n ti ń yọ̀ lórí yìnyín lókè òkun ni a máa lò, nígbà tí òkè Olósùnta dúró ní Ìkẹ́rẹ́?

Ohun tí àṣẹ BY fún wa nìyí, tí PDF WhatsApp kò lè fún wa. Ẹni tó jí ìwé kò lè tún un ṣe kó sì fi orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fún ní àṣẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba, ní ojú ọ̀gá àgbà láti Adó. Mo sì fẹ́ kó máa jáde láti ibí. Kí ni Èkìtì kò ní? Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí nóòtì rẹ̀ láti ogún ọdún wà nínú páálí, pọ̀ nílùú yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi CC BY sí i, kí ọmọ Ìdó àti ọmọ Ọ̀mùò náà rí i kà. Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù.

Dátà àti iná

Mo ti ń gbọ́ ìkùnsínú lápá òsì: «Dátà ńkọ́?» Mi ò ní pẹ́ níbi yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ló nílò láti dánlóòdù. Ìyókù, ẹ gbà á lórí fláàṣì, Bluetooth tàbí Xender. Ìwé tó ní àṣẹ ni, ẹ̀rù kò bà yín. Ètò kan tún wà tó ń jẹ́ Kolibri: ẹ kó ẹ̀kọ́ sínú láptóòpù àtijọ́ kan, fóònù àwọn ọmọ á so mọ́ ọn nípasẹ̀ Wi-Fi nínú kíláàsì, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Kiwix náà ń gbé odindi Wikipedia sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ti iná, ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ̀yin ni mo ń wò. Sólà kékeré tó lè gbé láptóòpù kan àti ráútà kan kò tó owó ìnáwó àsè ìparí ọdún. Ẹ má bínú sí mi.

Lẹ́yìn tí a bá jẹ uyán tán, a máa pín sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí: sáyẹ́ǹsì ní yàrá ìkàwé, èdè àti ìtàn níbí, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan á mú orí kan, á yẹ àṣẹ rẹ̀ wò, á yí àpẹẹrẹ méjì padà sí ti ibí, á kọ gbólóhùn ìdárúkọ sísàlẹ̀. Ìwé tí mo ti dánlóòdù wà nínú fláàṣì tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ti kún, kó lo àkókò oúnjẹ yìí láti pa fídíò òwàḿbẹ̀ rẹ́. Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́.